Sònátà Tí Kò Fẹ́ẹ́ Parí

Ẹni tó bá ní ọkọ tí mo wá fún Kreszenz kò dáa, kó wá sọ ọ́ lójú mi. Akọ̀wé Àgbà ni, ní Iléeṣẹ́ Iyọ̀ Ọba. Ó ní ilé nínú ìlú gan-an, kì í ṣe lẹ́yìn odi níbi tí àwa ń gbé. Ó ní wíìgì méjì, eyín ẹnu rẹ̀ pé, kì í mutí, kì í ta tẹ́tẹ́. Zwettler ni orúkọ ìdílé rẹ̀, àmọ́ ìyá tó bí i lọ́mọ pàápàá, "Akọ̀wé Àgbà" ló ń pè é. Kí lobìnrin tún ń wá?

Martin àbúrò mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń wá ọkọ fún ọmọ. Àbẹ́là ló ń ṣe. Bí wọ́n ṣe ń yọ́ ìda, bí wọ́n ṣe ń ri òwú bọ̀ ọ́ títí á fi sanra, ìyẹn ló mọ̀, kò sì sí ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Josefstadt àdúgbò wa tí kì í tan àbẹ́là rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, èmi Walburga ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ọkọ tèmi náà ti kú ṣáájú, ni mo kó wá sílé rẹ̀. Mo gba kọ́kọ́rọ́ yàrá oúnjẹ, mo gba ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo mọ́ ọn. Kreszenz nìyẹn. Ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni. Tó o bá bi í ní nǹkan, ilẹ̀ ló máa wò. Tó o bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, àfi kó o lọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tó bá ń tẹ dùùrù, èmi ò sì ráyè ìdúró ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Martin ní ìwà kan. Gbogbo nǹkan ló máa ń sọ lẹ́ẹ̀mejì. "Òjò ń rọ̀," á wí bẹ́ẹ̀, á rìn dé ojú fèrèsé, á yọjú wo ìta, á ní, "Òjò ń rọ̀ o." Ìtàn kan wà tó fẹ́ràn, ti àbẹ́là ńlá tó ṣe fún bíṣọ́ọ̀bù, tí oòrùn mú un rọ̀ lọ́jọ́ ìwọ́de Ara Olúwa, tó tẹ̀ títí tó fi forí balẹ̀ fún bíṣọ́ọ̀bù lójú gbogbo èèyàn. Ìtàn náà dùn. Tó bá sọ ọ́ tán, tí a bá rẹ́rìn-ín tán, á mí kanlẹ̀, á ní, "Bíṣọ́ọ̀bù ló ránṣẹ́ pè mí," ìtàn á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ó ti mọ́ wa lára. A máa ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mejì.

Akọ̀wé Àgbà ní tirẹ̀, ohun téèyàn bá ti sọ lẹ́ẹ̀kan, ó ti tó. Ìgbà àkọ́kọ́ tó wá jẹun lọ́dọ̀ wa, Martin sọ ìtàn àbẹ́là fún un. Ó rẹ́rìn-ín níwọ̀n. Martin mí kanlẹ̀, ó ní, "Bíṣọ́ọ̀bù ló ránṣẹ́ pè mí." Akọ̀wé Àgbà gbọ́wọ́ sókè.

"Mo ti gbọ́, ọ̀gá," ó ní.

Martin panu dé. Ó jẹ ọbẹ̀ rẹ̀ tán. Èmi rò pé ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí a ti jẹun tán kíá kẹ́yìn nínú ilé yẹn.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dá ọjọ́ ìtọrọ. Ọjọ́ Mátíìnì Mímọ́ la mú, torí ọjọ́ orúkọ Martin ni. Ní Vienna níbí, lọ́jọ́ orúkọ rẹ, ìwọ á jókòó sílé, gbogbo ẹni tó bá mọ̀ ọ́ á wá kí ọ. Èmi ni mo to gbogbo rẹ̀. Àlejò á dé lẹ́yìn Mísà, Kreszenz á tẹ sònátà tuntun tí tíṣà dùùrù rẹ̀ kọ fún ọjọ́ náà, orin á parí, Akọ̀wé Àgbà á dìde, á tọrọ ọmọ, Martin á ní bẹ́ẹ̀ ni, pẹ́pẹ́yẹ ọlọ́rùn gígùn tí à ń jẹ lọ́jọ́ náà á sì ti inú ààrò jáde. Martin bọ Akọ̀wé Àgbà lọ́wọ́ lójú mi, ó ní, "Tí orin bá ti parí, ẹ béèrè, màá ní bẹ́ẹ̀ ni." Ó tún un sọ, ẹ ṣáà ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ tí Martin bá sì fi bọ èèyàn lọ́wọ́, kì í yẹ̀ ẹ́.

Mo lọ bá Tíṣà Prantl nítorí ètò yìí. Bàbá arúgbó tín-ín-rín kan ni, aáṣáà ti kún gbogbo iwájú ẹ̀wù rẹ̀.

"Tíṣà, sònátà yín yìí, báwo ló ṣe gùn tó? Òun ni mo fẹ́ fi díwọ̀n pẹ́pẹ́yẹ."

"Ó tó kéèyàn fi ka rósárì kan, Màmá," ó ní, "tí a ò bá tún un tẹ̀."

"Tún kí ni tẹ̀?"

Ó ṣí bébà rẹ̀ hàn mí. "Ẹ wo àmì kéékèèké méjì yìí, bí ojú ẹyẹ. Ibi tí ẹ bá ti rí wọn, ẹ padà sẹ́yìn lọ tún un tẹ̀. Apá kọ̀ọ̀kan ló ní ìdajì méjì. Ìdajì àkọ́kọ́, gbogbo ayé ló ń tún un tẹ̀. Ìdajì kejì, àfi ẹni tí kò ní nǹkan lórí iná."

"Nínú ilé yìí, nǹkan wà lórí iná," mo sọ fún un. Ó fa aáṣáà símú, ó ní òun ti gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, èmi ni mo wọ Kreszenz láṣọ. Bàbá rẹ̀ ti ní kí n bá òun sọ ọ̀rọ̀ ìtọrọ náà fún un, torí ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Mo sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ìròyìn ayọ̀: ilé nínú ìlú, yàrá mẹ́ta, orúkọ ńlá. Ó wo ilẹ̀. Mo fa okùn ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ le, kò ní yéè.

"Àǹtí," ó ní nígbà tó yá, "ṣé wọ́n á dúró kí orin parí kí wọ́n tó béèrè?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá rẹ ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

"Ó dáa."

Mo rò pé ó ti gbà nìyẹn. Mo tiẹ̀ fẹnu kò ó níwájú orí, inú mi dùn, mo lọ wo ààrò.

Àlejò dé. Ìyá Apollonia aládùúgbò wa, tí kò sí ohun téèyàn lè sọ tí kò ní sọ òdìkejì rẹ̀, jókòó síwájú. Fadá Koloman jókòó sórí àga onítìmùtìmù, ó kí Martin kú ọdún orúkọ, ó sì sùn lọ. Akọ̀wé Àgbà wọlé pẹ̀lú páálí àkàrà òyìnbó méjì, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ búlúù ni wọ́n fi di méjèèjì. Ó gbé ọ̀kan fún Martin. Ìkejì, ó rọra gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó fi fìlà rẹ̀ lé e lórí. Mo rò pé tèmi ni, pé ojú ló ń tì í.

Kreszenz jókòó sídìí dùùrù. Tíṣà Prantl jókòó tì í láti máa ṣí bébà.

Tí ẹ kò bá tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí, báyìí ni sònátà ṣe rí. Kì í ṣe orin kan, apá mẹ́ta ni. Ti àkọ́kọ́ ń sáré, èkejì ń rọra lọ, ẹ̀kẹta ń pòòyì. Apá tó ń sáré yẹn bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fi ìkúùkù kan ilẹ̀kùn gbàgbàgbà. Lẹ́yìn náà, ohùn kékeré kan dáhùn láti inú ilé, bí ẹni ń sọ pé ta nìyẹn, mi ò tíì múra. Ẹni ìta tún kan án. Ẹni inú ilé sọ tirẹ̀ gùn díẹ̀. Wọ́n ń fà á lọ, wọ́n ń fà á bọ̀, ó sì ń pani lẹ́rìn-ín, torí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn yẹn kò mọ̀ rárá pé ẹni tó wà nínú ilé ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ìdajì àkọ́kọ́ parí sórí ohùn ńlá mẹ́ta, gbàgà, gbàgà, gbàgà.

Akọ̀wé Àgbà dìde. Ó na ẹ̀wù rẹ̀, ó húkọ́.

"Ọ̀gá mi ọ̀wọ́n, lọ́jọ́ ayọ̀ tòní yìí—"

Gbàgbàgbà. Kreszenz ti tún padà lọ kan ilẹ̀kùn. Akọ̀wé Àgbà dúró díẹ̀ pẹ̀lú ẹnu yíyà, ó jókòó. Martin tẹ̀ sí i létí.

"Ó ń tún un tẹ̀ ni," ó ní. "Ó ń tún un tẹ̀."

Ìyẹn ò burú, gbogbo ayé ló ń tún ìyẹn tẹ̀. Ìdajì kejì bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì bínú síra wọn níbẹ̀, wọ́n rìn gba àwọn ọ̀nà òkùnkùn kan, wọ́n tún wá bára wọn nílé. Gbàgà mẹ́ta. Akọ̀wé Àgbà dìde, ó na ẹ̀wù rẹ̀. Tíṣà Prantl ti ṣí bébà sí apá kejì. Kreszenz na ọwọ́ òsì, ó ṣí bébà náà padà sẹ́yìn, ó tún ìdajì kejì bẹ̀rẹ̀. Aáṣáà bọ́ lọ́wọ́ tíṣà. Ó wò mí. Èmi wo ilẹ̀kùn ilé ìdáná, níbi tí Resl tó ń dáná ti yọrí síta tó ń fojú bi mí bóyá kí òun gbé e jáde. Mo fọwọ́ ṣàpèjúwe fún un pé kó dín iná kù.

Ara mi gbóná. Àṣé torí èyí lọmọ yìí ṣe ń bi mí láàárọ̀ bóyá wọ́n á dúró kí orin parí. Ọmọ tí mo rò pé kò lẹ́nu. Mo dìde, mo ṣe bí ẹni tó fẹ́ gé òwú àbẹ́là orí dùùrù, mo lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀.

"Kreszenz," mo sọ ọ́ sí i létí, "pẹ́pẹ́yẹ."

"Àǹtí, ó wà nínú ìwé," ó dáhùn, kò gbójú kúrò lórí bébà, ìka rẹ̀ ò sì dúró.

Ó wà nínú ìwé lóòótọ́. Kí ni mo fẹ́ wí? Ọmọ kò sọ̀rọ̀ sí àgbà, kò kọ̀, kò sunkún. Bébà ní kó padà, ó padà. Mo fẹ́ kúrò níbẹ̀, àmọ́ apá tó ń rọra lọ ti bẹ̀rẹ̀, ilé dákẹ́ rọ́rọ́, pákó ilẹ̀ yẹn sì máa ń han. Mo dúró.

Kí n sọ òtítọ́ ibẹ̀. Gbogbo ọdún tí Kreszenz ti ń tẹ dùùrù yẹn, mi ò tíì gbọ́ apá tó ń rọra lọ kankan tán rí. Ìgbà yẹn ni mo máa ń lọ wo ìkòkò. Mo máa ń rò pé tí wọ́n bá ti ń tún un tẹ̀, ohun kan náà ni, èèyàn ò pàdánù nǹkan kan. Orin kékeré kan ni, ọmọdé lè kọ ọ́. Kreszenz tẹ̀ ẹ́ bí Tíṣà Prantl ṣe kọ ọ́, jẹ́ẹ́, bí ọmọ dáadáa tó ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó dé ibi ojú ẹyẹ. Ó padà sẹ́yìn.

"Mo ti gbọ́ eléyìí," Akọ̀wé Àgbà sọ fún Martin. Ó fa aago jáde látinú àpò, ó wò ó. Kò sọ ọ́ sókè, àmọ́ kò sọ ọ́ sísàlẹ̀ tó.

Irọ́ ló pa. Kò tíì gbọ́ ọ. Nígbà kejì yẹn, orin náà kan náà ni, àmọ́ kò rí bákan náà mọ́. Àṣà àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ni pé tí wọ́n bá ń tún un tẹ̀, wọ́n lè fi tiwọn kún un. Mo ti gbọ́ ọ rí pé wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ṣe ni mo rò pé bí ẹni ń fi léèsì sẹ́nu ọwọ́ aṣọ ni. Ibi tó ti ní bẹ́ẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, ó dúró díẹ̀ báyìí kó tó sọ ọ́. Ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́, ó lọ́ra, ó fi ohùn kékeré kan bẹ̀bẹ̀ láàárín, ó tún bẹ̀bẹ̀ níbòmíì. Nígbà tó fi máa dé ìparí rẹ̀, mo ti mọ̀ pé ọmọ yìí ò fẹ́ ọkùnrin yìí. Kì í ṣe pé ó kórìíra rẹ̀. Ẹ̀rù ilé rẹ̀ ló ń bà á, ilé tí wọ́n á ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n á ní àwọn ti gbọ́.

Wọ́n bi èmi náà léèrè rí. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Walburga, ẹni báyìí ń béèrè ọ." Mo ní, "Ó dáa, Bàbá." Ó parí síbẹ̀. Ọkọ mi kì í ṣe èèyàn burúkú, Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ. Àmọ́ ká ní ẹnì kan tún bi mí ni, lẹ́yìn tí mo ti dáhùn tán, bóyá màá fi tèmi kún un. Ó dùn mí níbẹ̀ yẹn, lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ó dùn mí gan-an, omi sì ń bọ́ lójú mi sórí àlùmọ́gàjí tí mo fi ń gé òwú àbẹ́là.

Resl yọ́ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Màmá, pẹ́pẹ́yẹ ti ń dúdú."

"Jẹ́ kó dúdú," mo ní. Ó wò mí bóyá ara mi yá.

Apá kẹta bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ń pòòyì nìyẹn, ó sì dà bí àlejò tó ti dágbére, tó ti dé ẹnu ọ̀nà, tó wá rántí pé òun gbàgbé ìbọ̀wọ́. Á lọ, á padà. Á tún lọ síbòmíì, ẹ ó rò pé ó ti lọ nìyẹn, á tún padà pẹ̀lú orin kan náà, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ìgbàkígbà tó bá ti fẹ́ lọ, Akọ̀wé Àgbà á dìde. Ìgbàkígbà tó bá padà, á jókòó. Nígbà tó yá, kò jókòó mọ́. Ó lọ mú fìlà rẹ̀ lórí páálí kejì, ó dúró láàárín ilé pẹ̀lú rẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ìyá Apollonia ní kó yẹ̀ fún òun, òun ò rí ọwọ́ ọmọ náà mọ́.

Ibì kan wà nínú apá yẹn tí wọ́n ya àmì kan sí lórí bébà, bí ojú lábẹ́ ìpéǹpéjú. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ á di ohùn náà mú níbẹ̀, á dúró, kò sì sẹ́ni tó lè ní kó má dúró. Tó bá wù ú, á fi ohun tó wá sí i lọ́wọ́ padà sínú orin. Kreszenz dé ibẹ̀, ó dúró. Ohùn náà ń kú lọ díẹ̀díẹ̀.

Akọ̀wé Àgbà gbá ibẹ̀ mú. Kò tiẹ̀ húkọ́ mọ́.

"Ọ̀gá, mo fẹ́ fẹ́ Kreszenz," ó ní, ọ̀rọ̀ ń lé ara wọn lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kíákíá. Ọ̀gá mi ní Iléeṣẹ́ Iyọ̀, Martin lòun náà ń jẹ́, mo gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn kí wọ́n tó jókòó sídìí oúnjẹ."

Gbogbo wa wo páálí kejì.

"Hẹn ẹn," Ìyá Apollonia ní, "ẹni tó ni ín nìyẹn."

"Ọjọ́ kan náà ni," Akọ̀wé Àgbà ṣàlàyé. Ọkùnrin náà ò mọ̀ pé òun ń bú ẹnikẹ́ni, kí n má purọ́ mọ́ ọn. "Mo rò pé màá fi ìrìn kan ṣe méjèèjì."

Mo mọ àbúrò mi, mo mọ̀ pé ó wọ̀ ọ́ lára. Ó yíjú sí tíṣà.

"Tíṣà, ṣé orin ti parí?"

"Rárá, ọ̀gá. Ó ń sinmi ni."

"Ó máa ń pẹ́ tó báwo níbẹ̀?"

"Bó bá ṣe wu ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́."

Martin fọwọ́ pa ojú. "Mo ti ṣèlérí," ó ní. "Mo ti bọ ọkùnrin yìí lọ́wọ́. Kreszenz, parí rẹ̀. Ọmọ mi, parí rẹ̀."

Mo wà lẹ́yìn rẹ̀, mo rí ọrùn rẹ̀ tó pọ́n. Kò sí ojú ẹyẹ kankan mọ́ nínú bébà náà, èmi pàápàá ti ń wò ó. Ó fi ohùn díẹ̀ padà sínú orin. Àlejò yẹn dé nígbà ìkẹyìn, ó mú ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ń lọ. Ìlà kan ló kù. Akọ̀wé Àgbà na ẹ̀wù rẹ̀. Gbàgà. Ó ku ẹyọ kan. Gbàgà.

"Láti ìbẹ̀rẹ̀," mo ní.

Mi ò mọ̀ pé ohùn mi á ròkè tó bẹ́ẹ̀. Àṣà wa nìyẹn ní ìlú yìí: tí orin bá wu olùgbọ́, á ní láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ á sì tún un tẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó ti fojú di ẹni tó béèrè. Èmi sì làgbà ilé.

"Láti ìbẹ̀rẹ̀," Ìyá Apollonia náà ní. Kò mọ ohun tó ń lọ, ó ṣáà ti rí i pé Akọ̀wé Àgbà ò fẹ́ ẹ. Fadá Koloman ta jí. Ó gbọ́ pé àwọn èèyàn ń dáhùn nǹkan pọ̀, ó rò pé Mísà ló ń lọ, ó dáhùn tirẹ̀ pẹ̀lú ohùn gbọọrọ: "Láti ìbẹ̀rẹ̀."

Martin ń wò mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, pẹ́pẹ́yẹ ńkọ́?"

"Kò sí pẹ́pẹ́yẹ mọ́. Ó ti jóná."

"Ẹ̀yin lẹ wá ọkùnrin yìí o."

"Èmi ni mo wá a. Èmi náà ni mo ní kó tún un tẹ̀."

Ó wò mí títí. Ó wo ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀, tí kò yíjú, tó káwọ́ sórí itan. Ó tún wo páálí ẹnu ọ̀nà. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wọ̀ ọ́ lórí díẹ̀díẹ̀, torí àbúrò mi kì í tètè gbọ́, àmọ́ tó bá ti gbọ́, ó ti gbọ́ nìyẹn.

"Akọ̀wé Àgbà," ó ní, "orin ò tíì parí. Ẹ̀gbọ́n mi ní láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Gbogbo ẹ̀?" Akọ̀wé Àgbà bi í. "Pẹ̀lú àtúntẹ̀?"

"Pẹ̀lú àtúntẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo àtúntẹ̀."

"Ọ̀gá, mo ti gbọ́ ọ."

Ìgbà yẹn ni Kreszenz yíjú padà. Láti àárọ̀ tí àlejò ti dé, kò tíì bá a sọ̀rọ̀. Ó wò ó lójú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó fẹ́ gba àlejò dáadáa.

"Ẹ jókòó, Akọ̀wé Àgbà," ó ní. "Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ tán, bàbá mi á sọ ìtàn àbẹ́là bíṣọ́ọ̀bù fún yín."

"Màá sọ ọ́ o," Martin ní, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Màá sọ ọ́ dáadáa."

Akọ̀wé Àgbà dúró níbẹ̀, ó ń wo bàbá, ó ń wo ọmọ. Ó wo aago rẹ̀. Mo rí i pé ó ń ṣírò rẹ̀: ọ̀gá ńlá ní Iléeṣẹ́ Iyọ̀ lọ́wọ́ kan, sònátà tòun ti bíṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ kejì, ìyẹn títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Ó tẹrí ba fún Martin, ó ní kú ọdún orúkọ. Ó gbé páálí kejì, ó dé fìlà. A gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń sáré.

Kreszenz tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ti di dandan. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kò padà níbì kankan. Gbogbo ojú ẹyẹ ló fò, tíṣà ń ṣí bébà wéréwéré bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, Martin sì ń kùn pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ó tẹ gbàgà ìkẹyìn, ó pa ọmọrí dùùrù dé. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún, mo bá lọ jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, ohun tí mi ò ṣe rí.

"Kreszenz," mo ní, "ìwọ fúnra rẹ, kí lo fẹ́?"

Ó wo ilẹ̀. Mo dúró. Ó pẹ́ gan-an, mi ò sì lọ síbì kankan.

"Mi ò tíì mọ̀, Àǹtí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Títí wàá fi mọ̀, ẹnikẹ́ni ò ní tọrọ rẹ nínú ilé yìí."

Martin ní òun ò gbọ́ ohun tí mo wí. Mo bá tún un sọ.